Ìyàwó Kan Tí Mo Gbé Lẹ́ẹ̀mejì

Ìyàwó mi parọ́ fún àwọn onísinimá, ojú mi kòrókòró ló sì ti pa á. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn wá sí ojúde wa ní Ìsẹ́yìn, wọ́n gbé e ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìyá àgbà kan wà nílé wa tó jẹ́ pé òun lobìnrin àkọ́kọ́ tó fi ojú lásán ṣeré láàárín agbo ní gbogbo Òkè-Ògùn. Wọ́n ní kó sun ẹkún ìyàwó, ó sun ún. Wọ́n ní kó wá sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní:

"Ọkọ mi yìí ló fọwọ́ sí i. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun aṣọ tí mo wọ̀, òun ló sì wá bá mi dé Ṣakí."

Èmi nìyí lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo la ẹnu pé kí n sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà gbọ́wọ́ sókè sí mi pé kí n dákẹ́, ẹ̀rọ ń gbọ́. Ọmọ tí mo lè bí bàbá rẹ̀! Ẹ̀rọ ń gbọ́ irọ́, ẹni tí òtítọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ ni kó pa ẹnu dé. Ìdí tí mo fi mú kálàmù nìyí. Mo dúpẹ́ pé mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà kí ojú mi tó di bàìbàì. Ẹ jókòó, n kò ní kánjú. Ẹni tó dàgbà tó mi kò ní ibì kan tó ń sáré lọ mọ́.

Ìdílé ọ̀jẹ̀ ni wọ́n ti bí obìnrin yìí. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ọ̀jẹ̀, eléégún apidán ni wọ́n, àwọn tó máa ń ti ìlú bọ́ sí ìlú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọn á di ejò lójú agbo, wọn á di ọ̀bọ, wọn á di ọ̀mùtí, wọn á tún di òyìnbó onímú ṣóńṣó tó ń fi ìwé nu ẹnu. Kí wọ́n tó túká ni ìyàwó yóò jáde, yóò jó díẹ̀, yóò kúnlẹ̀, àwọn èèyàn á sì bú sẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ̀ pé àyà ọkùnrin ló wà lábẹ́ aṣọ náà. Obìnrin kì í wọ ẹ̀kú eégún. Àwọn obìnrin ọ̀jẹ̀ a máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn a máa gberin. Bàbá ìyàwó mi ni olórí àwọn ọ̀jẹ̀ náà.

Èmi ní tèmi, ahunṣọ ni mí. Iṣẹ́ ìjókòó niṣẹ́ wa. Ẹni tó bá jókòó sídìí òfì láti òwúrọ̀, tó ń ju ọ̀kọ̀ sọ́tùn-ún, tó ń jù ú sósì, kò tọrọ nǹkan míì lọ́wọ́ ayé ju kí òwú má já lọ. Kí ló wá gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọ̀jẹ̀? Ohùn ni. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú àwọn tó ń gberin, òwú já lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá mi kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Ẹsẹ̀ tó ti mọ ojú ọ̀nà kì í mọ ìdí ààrò." Mo ní mo gbọ́. N kò gbọ́.

A ò tíì lo oṣù méjì pọ̀ tí mo fi mọ̀ pé mo ti kó agbo eré wọlé. Kò sí ẹni tí obìnrin yìí kì í sín jẹ. Ìyá mi ń tiro díẹ̀ lẹ́sẹ̀ òsì. Ìyàwó mi á gbé omi kọjá lójú rẹ̀, á máa tiro lẹ́sẹ̀ òsì, ìyá mi á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà á rántí pé òun ni wọ́n ń sín jẹ, á sì ju ìgbálẹ̀ lù ú. Bí ewúrẹ́ bá jẹ iṣu, ohùn akọ̀wé ajẹ́lẹ̀ ló fi máa ń dá a lẹ́jọ́. Èyí tó burú jù ni ẹkún. Bí mo bá bá a wí, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀ bíi ti ìkòkò tó sán. Ọkàn mi á bàjẹ́, n ó sọ ọ̀kọ̀ sílẹ̀, n ó máa bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ti bẹ̀ ẹ́ dé ibi tó fẹ́, á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, omi á dá bí ẹni pa ilẹ̀kùn dé, á ní:

"Ó jọ àbí kò jọ?"

Ẹ bá mi dá a. Ọkùnrin wo ló lè fara da irú rẹ̀? Ọdún méjì gbáko ni mo fi bẹ ẹkún tí kì í ṣe ẹkún. Kò sí ọmọ nílẹ̀ lákòókò náà, ìyá mi sì ti ń wò mí láwòmọ́jú.

Ó wá di ọdún kan, ṣáájú kí àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú tó pa àwọn èèyàn wa bí ewé, nígbà tí àwọn òyìnbó ń bá ara wọn jà lókè òkun. Ọyẹ́ ti dé. Mo ń hun àlàárì kan fún ẹni ńlá kan ládùúgbò wa, tó fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin fún ọkọ láàárín oṣù kan. Aṣọ pupa ni, ó ń tàn bí inú ẹyìn. Mo ti hun ún tán, wọ́n ti bá mi rán an pọ̀, ó wà nínú agbọ̀n mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ìyàwó mi wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì mi. Bí mo ti rí i pé ó kúnlẹ̀, mo mọ̀ pé ìjàngbọ̀n dé.

"Olówó orí mi, sòbìà ti mú ẹni tó ń ṣe ìyàwó nínú eré bàbá mi. Ojú mẹ́ta ló ti yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò lè dìde."

"Kí Ọlọ́run wò ó sàn."

"Wọ́n ń lọ sí Ṣakí. Kò sẹ́ni tó máa ṣe ìyàwó."

"Kí ló wá kàn ọ́? Ṣé o ò ṣe ìyàwó nínú ilé tiwa yìí tó ni?"

Ó ní òun kò ní wọ ẹ̀kú, òun mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Ojú lásán lòun máa fi jáde, ẹkún ìyàwó lòun máa sun, bí ọmọge ṣe ń sun ún gan-an ní ọjọ́ tó bá ń lọ ilé ọkọ. Ó ní, "Obìnrin kì í mọ awo, ṣùgbọ́n ṣé obìnrin kì í mọ obìnrin ni?"

Inú bí mi. Mo ní aya mi kò ní máa fojú lásán sunkún káàkiri ìlú fún ẹni tó ń jẹ̀pà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní, rárá, lónìí, n kò bẹ̀. Ó ń sun ún lọ. Mo dìde lórí òfì, mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó máa pa eré náà:

"Máa lọ! Ṣùgbọ́n tí o bá fi lè tẹ̀lé wọn kọjá odò Òfìkì, má padà sílé mi mọ́ láéláé."

N kò gbọ́ kó béèrè bóyá ó jọ. Ó dìde, ó wọlé. Nígbà tí mo jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹní rẹ̀ ti wà ní kíká sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo ṣí agbọ̀n mi. Àlàárì ọlọ́mọge ti bá a lọ.

Mo pariwo débi pé àwọn ahunṣọ ilé kejì sọ̀kalẹ̀ lórí òfì. Mo sọ fún gbogbo wọn pé aṣọ oníbàárà ni mo ń lọ gbà, pé bí mo bá ti gba aṣọ, kí obìnrin náà máa bá eégún gbé. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ìyá mi wò mí, ó ní, "Aṣọ ni?" Mo ní, "Aṣọ ni." Ó ní, "Mú omi dání."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín. Wọ́n ti dáná sun pápá, eérú ń fò, ọyẹ́ ń la ètè. Gbogbo igi òrí tí mo bá jókòó sábẹ́ rẹ̀ ni mo fi ń bá obìnrin yìí jà, tèmi àti tirẹ̀, mo ń sọ tèmi, mo ń bá a sọ tirẹ̀, ó sì ń borí mi níbẹ̀ náà. Ní Ìrawò, mo bi ọkùnrin kan tó ń pa ẹ̀wà bóyá ó rí àwọn ọ̀jẹ̀.

"Wọ́n ṣeré níbí lánàá," ó ní. "Ejò wọn dára. Ṣùgbọ́n wọn ò ní ìyàwó."

"Wọn ò ní ìyàwó?"

"Bàbá wọn ní ó ń ṣàìsàn. Obìnrin kan sì wà láàárín wọn tó ń bá bàbá náà jà ṣáá. Ó ní òun lè ṣe é. Bàbá ní kò jẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìjà yẹn gan-an dùn ju eré lọ."

Mo mọ obìnrin náà. Mo sì mọ̀ pé bàbá rẹ̀ kò ní lè dúró níwájú rẹ̀ pẹ́, nítorí èmi náà kò lè dúró.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí mo wọ Ṣakí. Mo gbé àpò mi sọ́dọ̀ ahunṣọ kan tí a jọ máa ń ṣòwò òwú. Kò tíì rí ìyàwó mi rí. Mo bu omi mu, mo gba ojúde tí ìlù bàtá ti ń dún lọ. Agbo ti kún. Òyìnbó onímú ṣóńṣó ń jáde lọ. Mo ń wá ibi tí mo máa gbà wọlé ni ìlù rọlẹ̀, agbo sì là.

Ìyàwó mi ló jáde. Ojú lásán. Ó ti fi osùn para láti ọrùn dé ẹsẹ̀, àlàárì mi wà lára rẹ̀, ó rọ̀ mọ́ ọn bí ẹni pé òun ni mo hun ún fún. Kò jó. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé orí, ó bẹ̀rẹ̀:

"Ẹ bá mi sọ fún ìyá tó bí mi,
kó má gbé ìkòkò mi fún ẹlòmíràn.
Ẹsẹ̀ tó jáde lówùúrọ̀ kò mọ ilé tó máa sùn.
Ẹni tó ní kí n máa lọ,
ṣé ó ń wo ẹ̀yìn mi bí mo ti ń lọ?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin ń fi etí aṣọ nu ojú. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé nǹkan ti bàjẹ́. Ní ojú gbogbo àwọn èèyàn wọ̀nyí, ohun tó bá jẹ́ eré, inú aṣọ eégún ló máa ń wà. Ẹni tí a bá rí ojú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n rò pé ìyàwó ojúlówó ni, pé ọmọ bàbá ọ̀jẹ̀ ń lọ ilé ọkọ, bàbá rẹ̀ sì bọ̀wọ̀ fún Ṣakí débi pé ojúde wọn ló ti ń fún un ní àyè láti sunkún. Ẹnì kan ti gbé igbá wá fún ẹrù ìyàwó. Ẹnì kan ti gbé àdó. Ìyá arúgbó kan tí tábà wà ní kọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bọ́ sí àárín, ó di ìyàwó mi lọ́wọ́ mú, ó ní:

"Oòrùn ń lọ. Ìyàwó tó bá ti sunkún kì í padà sílé bàbá rẹ̀. Ilé ta ni ká mú un lọ? Ta ló ni ín?"

Èmi, tí ọ̀rọ̀ ti kún inú mi láti Ìsẹ́yìn, mo fi ìgbónára ya agbo:

"Èmi ni mo ni ín! Èmi ni mo ni aṣọ, èmi náà ni mo ni ìyàwó!"

Onílù dá ọwọ́ dúró. Ìyá arúgbó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun lọkọ."

"Ọkọ fúnra rẹ̀? Níbi ẹkún?" Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Háà! Ọkọ ìyàwó tó yẹ kó sá pamọ́ sínú ilé títí ilẹ̀ á fi ṣú!"

"Ìyá, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀! Eruku ti dé orúnkún. Ó sáré wá ni!"

"Ẹ má jẹ́ kó wọ àárín o, kó má lọ gbé e sá níbí!"

Ẹ̀rín sọ. Mo ní, "Ẹ gbọ́ ná! Ọdún méjì ni mo ti gbé obìnrin yìí. Eré ni wọ́n ń ṣe!"

Ìyá arúgbó tutọ́ tábà sílẹ̀. "Eré? Ta ló ń fi ẹkún ìyàwó ṣeré?" Ó yíjú sí bàbá ìyàwó mi. Gbogbo Ṣakí yíjú sí i. Bí bàbá bá ní eré ni, ó ti fi omijé àwọn ìyá wọ̀nyẹn ṣe yẹ̀yẹ́, òkúta ni wọn á fi lé e jáde nílùú. Ọkùnrin náà ti di ejò, ó ti di ọ̀bọ, kò tíì rí ibi tó há tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó wò mí pẹ́. Ó mọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ nílé, ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un.

"Ọmọ mi ni," ó wí. "Ẹkún rẹ̀ ni. Ẹ bi ọkùnrin yẹn bóyá ó gbà á."

Ẹ wo bí àgbàlagbà ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ há mi lọ́nà! Ìyá arúgbó ní, "Ìwọ eléruku, ṣé o gbà á àbí o ò gbà á?"

Mo wo ìyàwó mi. Kò wò mí. Ilẹ̀ ló ń wò, omi ń kán láti imú rẹ̀ sórí àlàárì oníbàárà. N kò tíì rí i láyé mi kó má ní ohun tó fẹ́ sọ. Mo rántí ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa odò Òfìkì. Odò náà ni èmi gan-an fi ẹsẹ̀ mi là kọjá láàárọ̀ àná.

"Mo gbà á," mo wí, bí ẹni tó ń já òwú.

"Kò gbọ́," ni ìyá náà wí. "Sọ ọ́ kó gbọ́."

"Mo ní mo gbà á!"

Ariwo sọ. Wọ́n gbé e, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èmi náà. Wọ́n kọrin dé ilé ahunṣọ tí mo wọ̀ sí. Onílé yọjú, ẹnu rẹ̀ là: "Ìyàwó kejì lo wá gbé ní Ṣakí, o ò sì sọ fún mi?" Wọ́n bu omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ṣàdúrà pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní mẹní. Ìyá arúgbó fà mí létí, bẹ́ẹ̀ ni, létí, ó ní, "Má lé e. Ẹni tó fi ẹnu lé ìyàwó, ẹnu náà ni yóò fi máa bi ará ọ̀nà léèrè rẹ̀." Ta ló sọ fún un? Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ṣì ń wọlé láti ojú fèrèsé. Ìlù ti dákẹ́ tipẹ́. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń retí pé kó ṣẹ́jú, kó ní, "Ó jọ àbí kò jọ?" Mo ti múra sílẹ̀. Gbogbo èébú tí mo rù láti Ìsẹ́yìn wà lórí ahọ́n mi. Orin àwọn obìnrin jìnnà, ó tún jìnnà sí i, títí tí a ò fi gbọ́ ọ mọ́. Kò ṣẹ́jú. Ó ń sunkún lọ. Kò béèrè ohunkóhun.

Mo wá aṣọ tí mo máa fi nù ún lójú, n kò rí. Mo fa etí àlàárì oníbàárà, mo fi nù ún. Osùn àti omi dàpọ̀ mọ́ pupa rẹ̀. Ahunṣọ ni mí, mo mọ̀ pé aṣọ náà ti tán.

Nígbà tí a dé ilé, mo jókòó sídìí òfì, mo hun òmíràn fún ọmọ ẹni ńlá yẹn, ẹsẹ̀ mi wú bí ìkòkò, ọjọ́ méjì ló ṣẹ́kù kí wọ́n tó gbé e. Ìyá mi kò béèrè bóyá aṣọ ni mo lọ gbà. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń wá pe ìyàwó olójú lásán, láti Àgọ́-Àmọ́dù títí dé ẹnu ààlà. Mo bínú ní ọdún kìíní, mo bínú ní ọdún kejì, nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ru ẹrù. Bàbá rẹ̀ a máa kéde pé eré ni o, eré ni. Kò sí ìlú tó gbà á gbọ́. Ibikíbi tó bá ti sun ún ni wọ́n ti ń ṣàdúrà fún ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì mẹní rárá. Ọmọ méje ni a bí lórí àdúrà àwọn tí kò mọ̀ pé eré ni. Ta ni mo fẹ́ lọ bá jà?

Ẹ wá ọgbọ́n sí i ná. Gbogbo èyí ló ṣẹlẹ̀, òun wá jókòó níwájú ẹ̀rọ, ó ní mo fọwọ́ sí i. Bí àwọn onísinimá ti lọ tán, mo kò ó lójú.

"Kí ló dé tí o fi parọ́? Èmi ni mo fọwọ́ sí i?"

Ó ń bó ẹ̀gúsí, kò gbójú sókè. "Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Kí n ní ẹ lé mi? Ẹ̀rọ tí kì í gbàgbé, ṣé òun ni kí n sọ ọ́ fún?"

Mo jókòó. Mo wá béèrè ohun tó ti wà nínú mi láti ọdún yẹn.

"Ti Ṣakí ńkọ́? Inú yàrá yẹn. Ṣé eré nìyẹn náà?"

Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò ní itan. "Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ gbà mí ńkọ́? Ṣé eré ni?"

Ó gbé àwo rẹ̀, ó dìde, ó gba ọ̀nà ìdí ààrò lọ. Ó ń tiro lẹ́sẹ̀ òsì, bí ìyá mi ti máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ pariwo. Lẹ́yìn náà mo rántí pé arúgbó ni òun náà báyìí, pé ọyẹ́ sì ti dé. Àádọ́ta ọdún, n kò tíì mọ eré rẹ̀ yàtọ̀ sí òótọ́! Mo gbé ọ̀pá rẹ̀ tó fi ti ògiri, mo gbé e tẹ̀lé e.